Kọ́kọ́rọ́ Ilé Omi

Rùkáyátù, gba kọ́kọ́rọ́.
Méjì ni: èyí tó dípẹtà ni ti ilé ẹ̀rọ,
èyí tó ń dán ni ti àpótí oògùn omi.
Má fi yá ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe alága àdúgbò.

Ìwé nìyí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo fi sẹ́lò lẹ̀ ẹ́.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́,
ní gbogbo ọjọ́ Ajé,
kí oòrùn tó ta sí páànù Òkè-Ayépé.
Èmi tí n kò kàwé kọjá mọ́dà,
mo mọ bí omi ṣe ń jẹ́wọ́:
o bu ú sínú ìgò tín-ín-rín,
o ju hóró oògùn kan sí i, o mì ín,
o dúró, o ka ọgọ́ta.
Bí ó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó,
oògùn ṣì wà lára rẹ̀.
Bí ó bá mọ́ gaara,
má jẹ́ kí mímọ́ rẹ̀ tàn ọ́.
Omi tó mọ́ lójú lè di kùnrùngbùn sínú.

Ojú ewé kan wà tí mo fẹ́ kí o rí.
Ṣí i. Oṣù Agẹmọ, èṣí.
Wo ọjọ́ Ajé kẹta: “Ó dára.”
Ó gún régé ju ti àwọn ọjọ́ tó kù lọ.
Irọ́ ni.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà,
orúnkún ń ro mí, hóró oògùn ti tán,
alága ní kò sówó nínú àpò ẹgbẹ́.
Mo jókòó sórí ibùsùn, mo tẹ́ ìwé sórí itan,
mo kọ ọ́ bí ẹni tó ti débẹ̀.
Ta ni yóò mọ̀? Ẹni ìjọba tó ń wá yẹ̀ wá wò,
ìwé ló ń kà, kì í tọ́ omi wò.

Àṣé ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ti là
lẹ́bàá ṣalángá ilé Alùfáà Bùsárì.
Ní Ọjọ́rú, ọmọ mẹ́rin ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru.
Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n di mẹ́tàdínlógún.
Gàníyù, ọmọ Ìyá Sìfáwù,
tó máa ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú nínú ilé ẹ̀rọ,
ojú rẹ̀ jìn wọnú;
a fa awọ ikùn rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀,
kò padà.
Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Asùbíárò,
wọ́n fa omi sí i lára, ìgò mẹ́fà.
Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mò ń ka bí ó ṣe ń kán,
tó, tó, tó.
Ó yè é. N kò mọ ohun tí mo ṣe tí ó fi yè é.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni.
Àwọn kan ní Ọ̀ṣun ló ń bínú.
Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ ní tirẹ̀ lábẹ́ afárá,
pẹ̀lú ẹrẹ̀ tí ọmọ aráyé dà sí i lára;
kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.
Èmi ni mo mọ ọwọ́ tó ṣe é.
Bírò ló wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ fa ojú ewé náà ya. Ọwọ́ mi dúró.
Wo ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀:
“Irọ́ ni mo pa. Làmídì.”
Mo kà á síta nípàdé.
Ariwo sọ. Ìyá Sìfáwù nìkan ni kò sọ̀rọ̀.
Ó dìde, ó lọ pọn ife kan lẹ́nu ẹ̀rọ,
ó gbé e wá síwájú mi, ó ní:
“Mu.”
Mo mu ún.

Láti ìgbà náà, kí n tó ṣí ẹ̀rọ fún ará àdúgbò,
ife àkọ́kọ́, tèmi ni.
N kò ní kí ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n ife náà ń bẹ lórí ìṣó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé.
Hóró mẹ́fà ló kù nínú páálí.
Sọ fún alága kó tó di márùn-ún.